Orin Tí Mo Gé Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ Sọnù

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Kaduna ní kí àwa tá a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ tá a ṣe, kí àwọn tó ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lè rí nǹkan kà. Mo mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi yóò kọ. Ẹni tó ta epo pupa yóò sọ pé òun kò po nǹkan kan mọ́ ọn rí. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì láti gárééjì Kawo yóò sọ pé òun kò sáré rí láyé òun. Ẹ bá mi kí wọn. Èmi ta orin fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ohun tí mo sì fẹ́ kọ síbí ni èyí tó ń tì mí lójú jù nínú rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní rí irú rẹ̀ nínú ìtàn àwọn yòókù.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ tún un ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì.

Mo ti ta ọṣẹ, mo ti ta bàtà òkìrìkà, kò sí èyí tó lọ nínú méjèèjì. Mo ti bí ọmọ méjì nígbà tí ọkọ mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Bámidúró ní Kawo pé kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Ìgbà yẹn, wàhálà ẹ̀sìn tó pín ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni, àwọn èèyàn ń kó láti apá kan odò lọ sí apá kejì, ẹ̀rù sì ń bà wá láti ra ohun tó ju ẹrù orí kan lọ. Ọ̀gá Bámidúró jẹ́ ará Kabba, àgbàlagbà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn Hausa ń pè wọ́n ní Mai Faifai, ẹni tó ni àwo orin. Àwọn àwo ńláńlá ayé àtijọ́ yẹn ni wọ́n kó jọ kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wá gba orin inú rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ẹnu rẹ ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n fi ọwọ́ rẹ hàn mí." Mo na ọwọ́. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní kúlíkúlí ni mo jẹ, kí n lọ fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn.

Fún oṣù mẹ́fà, n kò fọwọ́ kan àwo kankan. Òwú àti sípíríìtì ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, kí n máa fi nu inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbóòórùn ọwọ́ mi bí ajá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n wá gbà kí n gbé àwo, wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni kí n fi gbá etí rẹ̀ mú, kí ìka mi má kan ojú rẹ̀. Àwo kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀, lóòró ni yóò máa dúró. Kò gbọdọ̀ rí oòrùn. Èyí tó sì le jù fún èmi: tí o bá ń gba orin sílẹ̀, o ò gbọdọ̀ dìde. Tó bá jẹ́ wákàtí kan ni orin náà, wákàtí kan ni ìwọ náà yóò fi jókòó tì í, tí wàá máa gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ní òdìkejì títì máa ń tẹ bọ́tìnì, wọ́n á lọ jẹ ìrẹsì, wọ́n á padà wá pa á. Ọ̀gá á ní, "Olè ni wọ́n. Wọ́n ń ta ohun tí wọn ò gbọ́."

Wọ́n tún ní àṣà méjì kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Èkíní, wọn kì í kọ orúkọ orin sára kásẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ. Orúkọ wà nínú ìwé kékeré kan lábẹ́ ìjókòó wọn, kí àwọn ará òdìkejì títì má baà mọ ohun tí wọn yóò lọ wá. Oníbàárà tó bá béèrè orúkọ, wọ́n á ní kó lọ bi ẹni tó kọ orin náà. Èkejì, gbogbo àwo tí wọ́n ní ni wọ́n ti gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì kan tó dára gan-an, ìyá kásẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Tí àwo bá bàjẹ́, tàbí tí oníbàárà bá gba ohun tí kò dára, Ọ̀gá á fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ilé onítọ̀hún, wọ́n á tọrọ gáfárà, wọ́n á sì fi ìyá kásẹ́ẹ̀tì ṣe òmíràn fún un. Mo ti bá wọn rìn lọ bẹ́ẹ̀ rí, dé ọ̀dọ̀ ọmọ Igbo kan tó ń ta táyà. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí nígbà tí Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ ọmọ, nítorí orin kan tó há fún ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn àwo tí ẹnikẹ́ni kì í rà wà. Òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ahunṣọ ló tà wọ́n fún Ọ̀gá nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ jó o yóò kọ́ ara wọn. Orin kan ṣoṣo lè gba ojú àwo kan tán. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà fún aláìsàn, gìtá kan yóò dá sí i, dùùrù yóò bá gìtá jà, ìlù yóò là wọ́n, gbogbo wọn yóò sùn, wọn yóò tún fi ariwo jí. Akọrin lè má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ya ẹja tó wọ kóòtù sára páálí ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo bi Ọ̀gá bóyá akọrin ti lọ jẹun ni. Wọ́n ní kí n jókòó kí n gbọ́ ọ parí. Mo jókòó, mo sì sùn lọ. Aṣọ ìnura tútù ni wọ́n fi nà mí létí.

Ọmọ kan ṣoṣo ló fẹ́ràn àwọn àwo wọ̀nyẹn ní gbogbo Kawo. Rísìkátù lorúkọ rẹ̀, Rísì là ń pè é, ọmọ télọ̀ Yorùbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò wa. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó wọ ìbòrí ilé ìwé, ó ń gbọ́ Yorùbá wa, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń dáhùn nígbà mìíràn. Ìyá rẹ̀ rán an wá ra orin fíìmù Hausa. Ọ̀kan nínú àwọn rọ́ọ̀kì yẹn ni Ọ̀gá ń gbọ́ lọ́wọ́. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà títí orin fi parí, kò mira. Ó wá ní, "Àǹtí, kí nìyí?" Mo ní àrùn òyìnbó ni, kó má sún mọ́ ọn. Ọ̀gá wò mí, wọ́n ní kó wọlé, wọ́n fún un ní àpótí jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá. Nọ́ńbà kẹsàn-án, nọ́ńbà kọkànlá, ó ń gbà wọ́n tẹ̀ léra. Owó oúnjẹ ilé ìwé ló fi ń rà wọ́n, ó sì ń rù sí i. Mo máa ń pè é ní ìyàwó òyìnbó, á fi ojú pa mí rẹ́.

Ìyá Ọ̀gá kú ní Kabba. Wọ́n lọ sin ín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù bá wọn lọ. Wọ́n ti ṣèlérí nọ́ńbà kẹtàdínlógún fún Rísì ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ní kí èmi gbà á sílẹ̀ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi iṣẹ́ odidi kan lé mi lọ́wọ́.

Ìgbéraga mú mi. Mo ní kí Ọ̀gá bá ṣọ́ọ̀bù tó ń dán nígbà tí wọ́n bá dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ náà, nínú ooru oṣù kẹta tí ẹ mọ̀ dáadáa, mo kó gbogbo ìlà ìsàlẹ̀ jáde sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo yọ wọ́n nínú páálí wọn, mo tò wọ́n sílẹ̀ gbalaja kí n lè nu eruku. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ariwo bá sọ ní gárééjì ẹ̀gbẹ́ wa. Ọkùnrin kan gbé àgbò wọ bọ́ọ̀sì Zaria. Dẹ́rẹ́bà ní kó sanwó àgbò bí èèyàn, ó ní àgbò kì í sanwó tó bá wà lórí itan ẹni. Dẹ́rẹ́bà ní ó dára, kó gbé e sórí itan kí gbogbo ayé rí i. Ẹ gbọ́, àgbò yẹn tóbi ju ẹni tó ni ín lọ. Nígbà tó gbé e sórí itan tán, a ò rí ọkùnrin náà mọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ lẹ́yìn àgbò, ó ń bi wá pé ṣé a rí i báyìí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà dá sí i, mo ní kí àgbò sanwó kí ọkùnrin náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n tó rántí pé mo fi nǹkan sínú oòrùn, wọ́n ti ń kírun Jímọ̀ tán.

Àwọn àwo náà ti tẹ̀ bíi fìlà abetí-ajá. Mo gbé wọn wọlé. Mo da omi tútù lé wọn. Mo fi ọlọ tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó dá sí méjì. Mo gbé nọ́ńbà kẹtàdínlógún sórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ń fò lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé kúrò nídìí iṣu. Láti etí àwo dé àárín, kò ṣe é gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ sí àárín, sí ibi tí ìlù ti ń kígbe tí gìtá ti ń sunkún, ó ń lọ geere títí dé òpin.

Kò sóhun tó burú tí mo bá sọ fún ọmọ náà pé kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kí ló fẹ́ fi mí ṣe? Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó mọ̀ pé Ọ̀gá fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, mo sì bà á jẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Mo gba ìdajì tó kù sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kò kún, mo wá gba ìdajì nọ́ńbà kejìlélógún tí òun náà ṣì ṣe é gbọ́, orin àwọn ẹlòmíràn pátápátá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Mo kọ "17" sára rẹ̀. Rísì dé láti ilé ìwé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé èmi ni mo dá a ṣe.

Ó tún padà wá. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Àǹtí, èyí kò kí ẹnikẹ́ni kó tó wọlé." Mo bi í pé kí ló ń sọ. Ó ní gbogbo orin ló máa ń rọra kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n èyí já wọlé láàárín ọ̀rọ̀, bíi pé ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti ibòmíràn. Ó ní òun ti gbọ́ ọ ní ìgbà méjìlá.

Mo rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú mi. Ìbẹ̀rù tó kúrò lára mi ni mo fi ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ̀rọ̀ náà di àwàdà, ibi gbogbo ni mo sì gbé e dé: níbi ìsọmọlórúkọ, nínú bọ́ọ̀sì, níbi ìpàdé àwọn obìnrin. Mo ní ọmọ kan wà ní Kawo tí mo ta àjẹkù orin fún, tó ń yin Ọlọ́run lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà ń tì mí lójú báyìí, bóyá ju irọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá dé láti Kabba. Wọ́n wo ìlà ìsàlẹ̀, wọ́n jókòó. Mo sọ òtítọ́ nípa oòrùn àti àgbò, torí kò sí bí mo ṣe lè fi í pamọ́. Wọn ò nà mí, wọn ò bú mi. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Ìyá Dàpọ̀, lẹ́yìn tí oòrùn pa àwọn àwo yìí, ǹjẹ́ o gba èyíkéyìí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni?"

Mo ní rárá. Mo ní mo sọ fún ọmọ télọ̀ náà pé kó ní sùúrù, kó ra nǹkan mìíràn.

Wọ́n gbà mí gbọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dá mi padà sídìí òwú àti sípíríìtì, n kò sì ráhùn. Kọ́bọ́ọ̀dù wà lẹ́yìn wọn gan-an níbi tí wọ́n jókòó sí, ìyá kásẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà kẹtàdínlógún sì wà nínú rẹ̀. Ká ní mo sọ̀rọ̀ ni, à bá ti rìn lọ sí ilé télọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gá ì bá sì ti dọ̀bálẹ̀ fún Rísì nítorí mi. Bóyá ìyẹn gan-an ni n kò fẹ́ rí.

Mo gba òmìnira lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Nígbà tí etí Ọ̀gá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, wọ́n padà sí Kabba, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ó wá ku èmi àti ìyá kásẹ́ẹ̀tì. Mo lè ṣe òmíràn fún Rísì lọ́jọ́ tó bá wù mí. Ó ti wọ ilé ìwé gíga nígbà yẹn, ó sì máa ń yà sọ́dọ̀ mi nígbà ìsinmi. Mo máa ń wí fún ara mi pé kí ni mo fẹ́ tú ohun tó ti dùn mọ́ ọn ká fún.

Síídì dé. Àwọn oníbàárà kásẹ́ẹ̀tì tó kù fún mi ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ ìwàásù. Kásẹ́ẹ̀tì tó dára wọ́n gógó lọ́jà, àwọn ìyá kásẹ́ẹ̀tì sì wà nílé. Ọ̀gá ti ṣẹ́ etí rọ́bà kékeré tó wà lára wọn kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan lé wọn. Mo ki bébà sínú ihò tó kù níbẹ̀, mo sì gba ìwàásù lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún di ìwàásù nípa ìdámẹ́wàá. Ìwé orúkọ orin, ikán jẹ ẹ́. Lẹ́yìn síídì, kọ̀ǹpútà dé, mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọmọ mi, mo ń kó ẹgbẹ̀rún orin sínú mẹ́mọ́rì kádì kan bí ìgbà tí èèyàn ń bu gàrí. N kò gbọ́ ìkankan nínú wọn. Lẹ́yìn náà, fóònù gba gbogbo rẹ̀, oníkálukú ń fa orin sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi gbẹ̀yìn, iná ló fẹ́ fi gba agbára sínú bátìrì. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ ń gbé pẹ̀lú Dàpọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ní Gonin Gora.

Ibẹ̀ ni Rísì ti wá bá mi. Ó ti dàgbà, ó ń ṣe ètò orin ní iléeṣẹ́ rédíò kan nílùú yìí lọ́jọ́ Sátidé. Mo máa ń gbọ́ ọ. Kì í kí àwọn olùgbọ́. Bí wọ́n bá ti ṣí ohùn rẹ̀, àárín ọ̀rọ̀ ló máa ń já sí, bíi pé ìwọ lo pẹ́ dé. Àwọn àgbà máa ń pe rédíò láti sọ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Èmi rò pé àṣà àwọn ọmọ ayé òde òní ni.

Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde láti inú ọ̀rá. Ìwé ara rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n "17" mi ṣì wà níbẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé lòun ti ń wá orúkọ orin yìí, fóònù gbọ́ ọ kò dá a mọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tí òun lè tẹ̀ sí i láti fi wá a. Òun fẹ́ fi í sórí afẹ́fẹ́, kí àwọn olùgbọ́ bá òun mọ̀ ọ́n, kí èmi sì jókòó ti òun, torí èmi ni mo fi orin náà lé òun lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, ẹ kàn ò mọ̀ ni." Ó ra ọsàn àti búrẹ́dì wá fún mi. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo bó ọsàn.

Ní Sátidé, wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ràn dé mi lórí, mo rí bí awakọ̀ òfuurufú, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Rísì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara rẹ̀. Ó ní ìdí odò ní apá gúúsù ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wàhálà mú kí bàbá òun kó wọn wá sí Kawo, àárín táàmù ni, òun kò rí àyè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú òun wọ kíláàsì tí iṣẹ́ ti lọ jìnnà, ẹnikẹ́ni kò bi òun níbi tí òun ti wá, nílé sì rèé, ìyá òun ní kí òun gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọjá. Ó ní òun gbọ́ orin kan tó já láàárín, tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì dé òpin rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ó ní orin náà ló sọ fún òun pé ó ṣe é ṣe. Ó ní ìdí tí òun kì í fi í kí àwọn olùgbọ́ nìyẹn.

Ó tẹ bọ́tìnì, kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ̀rín ti kúrò lójú mi.

Bàbá kan pè láti Ungwan Romi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn wọn tutù. Wọ́n dárúkọ orin náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ìdajì ìkẹyìn nìkan lọmọ náà fi sáfẹ́fẹ́, pé ìbẹ̀rẹ̀ wà, ó gùn, ó sì lẹ́wà. Wọ́n ní ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti àwọn yẹn rárá, orin àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Rísì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ dúró, ẹni tó gbà á sílẹ̀ wà níbí." Ó kọjú sí mi. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn bó ṣe wà lórí àwo."

Mo rí ojú rẹ̀. Kò sí iyèméjì kankan nínú rẹ̀.

Mo ní bó ṣe wà lórí àwo náà nìyẹn. Mo ní bóyá ọjọ́ ti pẹ́ lórí bàbá náà ni, wọ́n ti gbàgbé. Rísì sì gbè mí lẹ́yìn níwájú gbogbo ìlú, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún àgbàlagbà náà pé ìrántí máa ń tan èèyàn. Bàbá náà ní ó dára, àwo náà wà lọ́dọ̀ àwọn, àwọn yóò ní kí ọmọ àwọn fi orin náà ránṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Rísì wá sí Gonin Gora. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó béèrè Dàpọ̀, ó béèrè ìyàwó rẹ̀, ó béèrè orúnkún mi. Ó jókòó, ó gbé fóònù lé itan. Ó ní àwọn èèyàn ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ láti Sátidé, ìyẹn kò dun òun. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ṣé Ọ̀gá Bámidúró ló gé e?"

Mo rí i pé ó fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ti kú, wọn ò lè wá já mi nírọ́. Ọmọ náà ti la ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi, kí n kàn gba ibẹ̀ jáde ni.

Mo ní, "Èmi ni. Ọ̀gá kò mọ̀. Wọ́n bi mí, mo purọ́ fún wọn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: bẹ́ǹṣì, oòrùn, ọlọ, ìwàásù ìdámẹ́wàá, àwàdà tí mo fi í ṣe. Nígbà tí mo dé ibi àgbò, ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú rẹ̀, ó sì gbé e mì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Ó tẹ fóònù.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ohùn dùùrù kan ṣoṣo, ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Gìtá dé, ó bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wá kọrin, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń dágbére fún àwọn ará ilé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò sùn. Èmi tí mo ta orin láti ọjọ́ wọ̀nyí wá, bóyá ìyẹn ni orin àkọ́kọ́ tí mo fi etí méjèèjì gbọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò lábẹ́ Ọ̀gá. Rísì kò wò mí. Ó ń wo ilẹ̀. Ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í ga, mo mọ̀ pé a ti ń súnmọ́ ibẹ̀, ìka rẹ̀ sì ti wà lórí fóònù. Ibi tí abẹ́rẹ́ mi ti wọlé gan-an ló ti dá a dúró.

Ó ní, "Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èyí tó kù, ilé ni mo ti máa gbọ́ ọ."

Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Kò bú mi. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì ní irú ojú tí mo máa fi béèrè. Kò padà wá láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́, ó yẹ kí n sọ èyí tẹ́ ẹ ó ṣe fún yín níbí. N kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo lè rí orin náà lódindi fún Rísì lónìí ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n n kò lè rí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà tí mo máa fún.

Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà wà lọ́kàn mi. Mo máa ń kùn ún nígbà tí mo bá ń fọ abọ́. Ìyàwó Dàpọ̀ dúró lẹ́yìn mi lánàá, ó ní, "Màmá, orin wo lẹ tún kọ́ yìí? Ó mà dùn o."

Mo ní orin ọlọ́rin ni.